Ẹ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń bá lọ kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ má tíì sáré lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà tó ń gbà lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tí PCV mi, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún, já sí 24, nígbà tó yẹ kí ti àgbàlagbà obìnrin tó 36, ó kéré tán.

Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni mò ń gbé, ẹni tó bá sì mọ ìlú wa mọ̀ pé òkè ni gbogbo ọ̀nà. Kí n tó dé ọjà, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ orí ló dé. Kò sẹ́ni tó ka ìrẹsì tútù, èyí tí a kò sè, tí mò ń jẹ ní àjẹìdákẹ́ sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jẹ ìrẹsì tútù, yìnyín tàbí amọ̀ báyìí, tí a ó ní oyún ló ń ṣe wọ́n. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti dínkù nínú ara.

Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn, ọmọ tí mo lè bí, kò béèrè oúnjẹ rárá. Ó ní, "Màmá wa, nǹkan oṣù yín ńkọ́? Ṣé kì í pọ̀ jù?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan oṣù tó bá kọjá ọjọ́ 7, tàbí tí páàdì ń rin gbingbin láàárín wákàtí 1 sí 2, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde, kì í ṣe ohun tí à ń mú mọ́ra. Fáíbírọ́ìdì, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, ló wà nídìí tèmi. Títí wọ́n fi yanjú rẹ̀, bí oògùn ṣe ń wọlé ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ẹlòmíràn, aràn ló ń mu ún nínú ìfun. Irú aràn bẹ́ẹ̀ máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ẹ wọ bàtà lọ oko.

Ó wá kan oúnjẹ. Àwa ará Èkìtì, iyán lóúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọbẹ̀ la ti ń rí irin, kì í ṣe nínú iṣu. Irin inú ẹran àti ẹja tètè ń wọ ara ju ti ẹ̀fọ́ lọ, ẹran díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ sì máa ń jẹ́ kí ara rí ti ẹ̀fọ́ náà gbà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kó gbogbo ẹran sínú àwo bàbá àtàwọn ọmọ kí ẹ wá fi omi ọbẹ̀ jẹun. Àwa là ń ṣe nǹkan oṣù, kì í ṣe bàbá.

Tíì tí mò ń mu sí ẹ̀wà àárọ̀, mo ti sún un síwájú wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń dí irin lọ́wọ́. Ọsàn ni mo ń mu lé ẹ̀wà báyìí. Fítámì C inú rẹ̀ ń ran irin lọ́wọ́. Ti ewé ugu tí à ń fún, tí à ń bu mọ́ọ̀tì àti mílíìkì sí, ìyá ọkọ mi ló ń ṣe é fún mi, ó sì dùn. Mílíìkì yẹn gan-an ni ìṣòro ibẹ̀, òun náà ń dí irin lọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ fọ ewé náà dáadáa. (Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá tí inú ò fi bí wọn, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà, tí irin wà nínú rẹ̀, ní àyè tirẹ̀. Ìgbẹ́ á dúdú, ẹ má fòyà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, dókítà sábà máa ń ní kí a ṣì lò ó fún nǹkan bí oṣù 3, kí ara lè rí ti ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tàbí ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, kò gbọdọ̀ dá a lò láìbéèrè, irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ó jọ suwíìtì lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ó lè pa ọmọ. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má dúró fún un ní epo pupa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.