Nọ́ọ̀sì tó fa àga sún mọ́ wa

Orí ìdúró ni dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó kọ àyẹ̀wò mìíràn, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn "jẹjẹrẹ". (Ta ló máa gbọ́?)

Nọ́ọ̀sì kan ló fa àga sún mọ́ wa. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀." Ó ní àyẹ̀wò yẹn ló máa fi hàn bóyá oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù á ṣiṣẹ́. Ó tún ní ká béèrè nípa Cancer Health Fund, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ìjọba àpapọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó lanu: "Ṣé mo ṣì lè máa tajà?"

"Ẹ lè tà á, mà. Ẹ ṣáà wá ẹni tí á máa bá yín jókòó ti ìsọ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá gba oògùn."