Ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀ sí Orlando: ọjọ́ àlejò ni, kì í ṣe ọjọ́ òde

Nílé, bí ẹnì kan bá kó ọmọ láti Èkó lọ kí ìyá àgbà ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń retí kó jáde lọ síbì kankan lọ́jọ́ tó dé. Omi tútù ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn ọmọ á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, oúnjẹ á dé, wọ́n á mú wọn yí agbo ilé ká kí gbogbo ará ilé lè rí i bí wọ́n ṣe dàgbà tó, ilẹ̀ á sì ṣú. Òde tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá di ọ̀la. Ìrìnàjò wákàtí mélòó kan ni a sì ń sọ yìí o.

Ẹ jẹ́ kí ẹni yìí kan náà kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta dé Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Kò tíì jókòó tó ti ń wo aago. Ó fẹ́ kí wọ́n ti wà nínú Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Walt Disney World, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, torí owó tó ti ná. Owó yẹn gan-an ló yẹ kó dá a dúró sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ìdí ni pé bí a ṣe ń sanwó lọ́gbà ìgbafẹ́ nílé yàtọ̀ sí ti ìhín. Nílé, èèyàn á san owó géètì, jáńgílófà kọ̀ọ̀kan á sì ní owó tirẹ̀. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá, eré méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ṣe ló máa sanwó fún. Ní Walt Disney World, ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹni tó wọlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti ẹni tó wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iye kan náà ni wọ́n san. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí $119 kí owó orí tó gùn ún. Ní Magic Kingdom lásìkò Kérésì, ó lè sún mọ́ $200 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò san nǹkan kan. Ọmọ ọdún 3 sí 9 ń san owó ọmọdé, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àgbà. Tí ọmọ bá ti pé ọdún 10, àgbà ni lójú wọn. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó bá fi wákàtí mẹ́ta ọjọ́ àkọ́dé jẹ tíkẹ́ẹ̀tì kan, owó tó lé ní $500 ni wọ́n fi wo ẹ̀yìn ọrùn àwọn tó wà níwájú wọn lórí ìlà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ kò sì fi dandan lé e pé kí èèyàn lò ó tẹ̀lé ara wọn. Ti ọjọ́ 4, ọjọ́ 7 ni wọ́n fún un láti tán. Nígbà tí ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú bá pẹ́, kò sí ohun tó jóná. Ẹ má sì ronú pé ẹ óò rí ẹni bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ló ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àti ìka ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ bá wa ṣe é" kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wá wo ara àwọn ọmọ fúnra wọn. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń gbéra ní Èkó tó ń balẹ̀ tààrà sí Orlando. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń wọ̀ ni ti Delta tó ń lọ sí Atlanta, nǹkan bíi wákàtí 12 sí 13 lójú òfurufú, kí wọ́n tó wọ òmíràn. Ní Atlanta ni wọ́n ti máa yẹ ìwé ìrìnnà wò, kì í ṣe ní Orlando. Ibẹ̀ lẹ ti máa kó ẹrù yín, tí ẹ óò gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, tí ẹ óò tún fà á lé ọkọ̀ kejì lọ́wọ́, tí ẹ óò sì tún tò sórí ìlà àyẹ̀wò ara. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó fún yín ní wákàtí kan àbọ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì nítorí pé ó fi owó díẹ̀ dín. Ẹni tó kó ọmọ nílò wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Pọ̀nmọ́, kílíṣí, ẹran gbígbẹ àti èso tútù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Gààrí kò níṣòro, àmọ́ tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ gbé oúnjẹ, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìfipamọ́ ló ń fa owó ìtanràn, kì í ṣe gààrí.

Láti Oṣù Kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, Èkó fi wákàtí 5 ṣíwájú Orlando. Ní ìyókù ọdún, wákàtí 6. Aago mẹ́jọ alẹ́ tí wọ́n ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, aago kan òru ni nínú ara ọmọ tó ti Èkó wá. Ọmọ tó bá ń sunkún lójú iná yẹn kì í ṣe aláìmoore. Oorun ló ń pa á. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti London tàbí Manchester wá kò yàtọ̀, wákàtí 5 náà ni. Àwọn tó ti Baltimore tàbí Houston wá, tí wọ́n bá balẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tiwọn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì dé orí tiwọn.

Láti pápákọ̀ òfurufú Orlando, tí orúkọ rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ MCO, dé àwọn òtẹ́ẹ̀lì Disney tó nǹkan bíi kìlómítà 30, ìṣẹ́jú 30 sí 40 tí ọ̀nà bá mọ́. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí Disney fi ń kó àlejò tẹ́lẹ̀ ti dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022; ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún kó má gbára lé e. Ní báyìí, èèyàn á san owó bọ́ọ̀sì, á pe Uber, tàbí á yá mọ́tò. Ní Èkó, ọmọ ọdún méjì lè jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ láti Ọjọ́ta dé Ìbàdàn. Ní Florida, òfin sọ pé kí ọmọ tó wà ní ọdún 5 sísàlẹ̀ jókòó nínú àga ọmọdé tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ Uber kò sì ní gbé e láìsí i. Ẹ gbé àga yín láti ilé. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gba owó lórí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń yáni ní mọ́tò ń gba owó ojoojúmọ́ lórí tiwọn.

Ọ̀nà 417 àti 528, tí àwọn tó ń lọ sí Disney sábà ń gbà, ọ̀nà tóògéètì ni méjèèjì. Ẹ̀rọ ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Ibi tí owó ti ń jò ni pé iléeṣẹ́ tó yá yín ní mọ́tò á san án, á wá fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí. Káàdì àlejò kan wà tí èèyàn fi ń san owó tóògéètì náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Visitor Toll Pass, ọ̀fẹ́ ni, inú MCO ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Láàárín Èkó sí Ìbàdàn, ebi kò lè pa ọmọ. Gálà, ẹ̀pà, búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré bá fèrèsé ọkọ̀. Lórí 417, kò sẹ́ni tó ń ta ohunkóhun. Torí náà ẹ yà ní ilé ìtajà bíi Publix tàbí Walmart kí ẹ tó dé òtẹ́ẹ̀lì: páálí omi kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, mílíìkì, bísíkíìtì. Disney gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ àti ohun mímu wọ inú ọgbà, tí kò bá ti sí ọtí àti ìgò níbẹ̀. Omi inú kọ́ọ̀pù pẹ̀lú yìnyín, ọ̀fẹ́ ni níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lórí káńtà. Ẹ ṣáà béèrè. Yàrá tó wọ́pọ̀ ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn ní fíríìjì kékeré, kò ní ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná, àmọ́ ẹ̀rọ náà wà ní gbọ̀ngán oúnjẹ nísàlẹ̀. Kẹ́tùlù ti ilé, ẹ má gbé e wá. Iná 230 ni wọ́n ṣe é fún, 120 ni tibí; omi rẹ̀ á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣájà fóònù á ṣiṣẹ́, àmọ́ ó nílò orí tó ń yí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta padà sí ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì.

Ní ilé ìyá àgbà, kò sí aago ìwọlé. Nínú òtẹ́ẹ̀lì Disney, aago mẹ́ta ọ̀sán ni yàrá ń ṣí, aago mẹ́rin ní àwọn ilé oníyàrá ńlá tí wọ́n ń pè ní villa. Kò sí ìdí láti máa rìn kiri lóòrùn títí di ìgbà náà. Ẹ fa ẹrù lé àwọn tó wà ní Bell Services lọ́wọ́. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀ láìgba owó, dọ́là kan tàbí méjì lórí báàgì kan sì ni àṣà ìdúpẹ́. Tí yàrá bá ti ṣe tán, nọ́ńbà rẹ̀ á dé sórí fóònù. Kí yàrá tó ṣí, ẹ ti lè lo odò ìwẹ̀, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kábàámọ̀: aṣọ ìwẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ báàgì ńlá tí wọ́n ti fà lé wọn lọ́wọ́. Báàgì kan ṣoṣo ni kó kù lọ́wọ́ yín, kí aṣọ ìwẹ̀, bàtà ìwẹ̀, oògùn, ìpara oòrùn, ṣájà àti ìwé ìrìnnà wà nínú ẹ̀.

Nílé, ènìyàn mẹ́wàá á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, oorun á sì dùn. Yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù ní Disney ń gba ènìyàn mẹ́rin àti ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 3. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tí ọmọ rẹ̀ kékeré jẹ́ ọmọ ọdún 4 ti kọjá ìyẹn. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà wà ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn tó ń jẹ́ Art of Animation àti All-Star Music, ó sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má rò pé ẹ óò yọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọlé. Orúkọ gbogbo ènìyàn ló wà lórí ìwé, wọ́n tún lè di owó ìdógò mọ́ káàdì yín. Káàdì dọ́là tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun rí ni kí ẹ gbé wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò ní láti ṣòfò. Disney Springs kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọjà àti oúnjẹ ni, ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì ń lọ síbẹ̀ láti àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Skyliner, àpótí tó ń rìn lókè lórí wáyà láti 2019, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó bá gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti gbà pé òun ti dé. Rélùwéè orí òpó tó ń yí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ Magic Kingdom ká náà, ọ̀fẹ́ ni, láti etí omi òtẹ́ẹ̀lì Polynesian sì ni èèyàn ti ń wo iná aláràbarà Magic Kingdom láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Tiwa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge, tí wọ́n ṣí ní 2001, níbi tí àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń jẹko lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé oúnjẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Boma ní oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà. Ẹ má retí àmàlà.

Fún àwọn tó balẹ̀ láàárọ̀ láti Baltimore: láti 2025, ẹni tó wọ òtẹ́ẹ̀lì Disney lè wọ ọgbà omi Disney, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré nínú omi, lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ọjọ́ yẹn lè gbà, èyí ló dára jù fún wọn. Ẹ ṣáà máa wo ojú ọ̀run. Láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, òjò ọ̀sán ibí dà bí ti Èkó, á rọ̀ gidi, á sì dá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí mànàmáná bá sún mọ́ ìtòsí, gbogbo odò ìwẹ̀ ni wọ́n máa lé ènìyàn kúrò nínú ẹ̀, Skyliner náà á sì dúró. Àárọ̀ ló dára.

Kí ẹ tó sùn, ẹ fi gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì sórí áàpù My Disney Experience, kí ẹ sì wọn gíga àwọn ọmọ pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀. Space Mountain, ọ̀kan nínú àwọn eré Magic Kingdom, ń béèrè 112 sẹ̀ǹtímítà. Ó sàn kí ọmọ sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì ju kó sunkún lẹ́yìn ìlà wákàtí kan. Lightning Lane, owó tí wọ́n ń san láti fo ìlà, ọjọ́ 7 ṣáájú ni àlejò òtẹ́ẹ̀lì wọn ti lè yàn án, ọjọ́ 3 fún ará ìta. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ tó gúnlẹ̀ á bá àwọn eré tó gbajúmọ̀ tí wọ́n ti tán.

Ẹ pa iná ní aago mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tó ti Èkó wá á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i, ẹ má sì bínú sí wọn. Ọgbà á ṣí ní aago mẹ́sàn-án, àmọ́ ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney ń wọlé ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti Texas àti Georgia wá ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Àwọn ọmọ yín ti jẹ búrẹ́dì àti mílíìkì, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wà nínú bọ́ọ̀sì.