Kí òpó iná Dísíkò tó wọ abúlé yín

Láti 2015 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìlànà lórí iná oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́. Èyí tí gbogbo ayé wá há sórí ni 30-30-30: kó tó di 2030, kí iná wa tó 30,000 mẹ́gáwáàtì, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ má ti inú gáàsì tàbí epo wá. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbé sólà wọ abúlé, ìwé míì ló máa lò: òfin míní-gírìídì tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà, gbé jáde ní 2016, tí wọ́n tún ṣàtúnṣe sí ní 2023.

Iná tó ní orísun tirẹ̀, tí oníbàárà tó ju ẹyọ kan lọ ń lò, tí agbára rẹ̀ kò sì ju 1 MW (mẹ́gáwáàtì kan, ìyẹn 1,000 kW) lọ, ni òfin náà ń pè ní míní-gírìídì. Sólà orí òrùlé yín kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Bí iná tí ẹ fẹ́ pín kò bá ju 100 kW lọ, ẹ lè kàn forúkọ sílẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìforúkọsílẹ̀ rọrùn, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Ọjọ́ tí òpó Dísíkò, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ọba, bá dé ni ọ̀rọ̀ yóò yé onítọ̀hún. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lásán yóò tú ẹrù rẹ̀ palẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ lè so iná rẹ̀ mọ́ tiwọn kó máa bá iṣẹ́ lọ, tàbí kó fà á lé wọn lọ́wọ́ kó gba owó gbà-má-bínú: iye tí ẹrù náà kù sí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ogbó rẹ̀, pẹ̀lú owó tó wọlé ní oṣù 12 tó gbẹ̀yìn. Òfin sì gba ẹni tí kò tó 100 kW láyè láti béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè rẹ̀.

Kí ẹ tó béèrè, ẹ bá ìlú ṣe àdéhùn pé wọn kò ní pe oníṣẹ́ míì fún àkókò kan. Òfin ò gbà kó ju oṣù 12 lọ. Ẹ wádìí bóyá abúlé náà wà nínú ètò ọdún 5 Dísíkò. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn lákọsílẹ̀. Ní ti iye owó iná, bí ẹ bá fẹ́ fi àdéhùn gbé e kalẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọwọ́ baálẹ̀ nìkan kò tó, bó ti wù kó jẹ́ ẹni iyì tó.

Láti ìgbà Òfin Iná 2023, ìpínlẹ̀ lè gba àkóso iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àjọ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá níbẹ̀.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní ilé 250 ń lo 150 W lálẹ́: 37.5 kW nìyẹn. Fún wákàtí 5, ó di 187.5 kWh. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí ẹ ń lò dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 235 kWh. Bátìrì olómi tí kò yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ju ìdajì lọ gbọ́dọ̀ tó 375. Ẹni tó bá ra èyí tó kéré sí i, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ra òmíràn.

Ẹ̀rọ ìlọta àti èyí tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ló ń da iná rú jù. Èyí tó jẹ́ 7.5 kW lè fa ìlọ́po 5 sí 7 ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra. Bí méjì bá gbéra pọ̀, ínfátà á paná fún gbogbo ìlú. Ẹ fi soft starter, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbéra díẹ̀díẹ̀, sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dín owó iná kù láti aago 10 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, kí àwọn ọlọ́ta lè máa lọ ata nígbà tí oòrùn ń ràn.