Owó tí mi ò lè fi ṣèlérí fún Ìyé

Ní àwọn oṣù tí oòrùn máa ń mú ní Kánádà, aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìsánlú jẹ́ aago méjìlá òru ní Winnipeg. Àkókò yẹn ni Ìyé, ìyá mi, máa ń pè mí, bí wọ́n bá ti parí àdúrà òwúrọ̀.

Lóru ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, tábìlì póókà mẹ́fà, ìyẹn eré káàdì tí à ń fi owó ta, ló ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Lórí ọ̀kan nínú wọn, éèsì méjì, káàdì tó ga jù lọ, ni wọ́n pín fún mi. Ìgbà kan péré nínú 221 nirú rẹ̀ máa ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Ẹnìkan kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà kó tèmi, ọgọ́rùn-ún dọ́là sí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ó ṣí káàdì rẹ̀: kíǹgì méjì. Bí éèsì méjì àti kíǹgì méjì bá pàdé nígbà ọgọ́rùn-ún, éèsì á borí tó ìgbà 82. Nínú káàdì márùn-ún tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa, mẹ́rin ti wà nílẹ̀, kò sí kíǹgì níbẹ̀. Ìyé ń sọ létí mi pé, "Ọmọ mi, káfíńtà ti dé o. Ó ní páànù tún fẹ́ gbówó lórí." Káàdì karùn-ún jáde. Kíǹgì ni. Kíǹgì mẹ́ta borí éèsì méjì, owó mi lọ.

Mo ní, "Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀, Ìyé. Màá fowó ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì."

Kò yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn, òun gan-an ló sì mú mi kọ èyí.

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé Ìsánlú. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ò yéé wá bá mi. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín Mọ́pà àti ìlú wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní káàdì lẹ fi ń pa dọ́là. Ẹ kọ́ mi." Mi ò dá a lẹ́bi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, ọgọ́rùn-ún dọ́là ti di nǹkan ńlá létí ẹni tó ń gbọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó pinnu.

Ìtàn Chris Moneymaker ló kó mi wọ inú rẹ̀, bó ṣe kó ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé. Olùṣírò owó ni, ará Tennessee. Lọ́dún 2003, ó fi dọ́là 86 wọ ìdíje kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gbé e dé ìdíje ńlá Las Vegas tí àwọn ẹlòmíràn ń fi 10,000 dọ́là wọ̀, ó sì gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là níbẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Brampton, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì tó kéré jù, mo ń kàwé, mo ń ṣírò, mo ń kọ gbogbo ohun tí mo jẹ àti ohun tí mo pàdánù sínú ìwé kan.

Ìṣirò tí àwọn tó ń tan ọmọ aráyé kì í ṣe fún wọn rèé. Lórí tábìlì tí ẹni méjì ti ń kọ́kọ́ fi sẹ́ńtì 25 àti 50 sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa lè jẹ dọ́là méjì ààbọ̀ Amẹ́ríkà nínú ọgọ́rùn-ún ìpín káàdì. Bó bá ṣí tábìlì mẹ́rin, á rí nǹkan bíi ìpín 300 ní wákàtí kan. Dọ́là méje ààbọ̀ nìyẹn, bíi mẹ́wàá ti Kánádà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, owó tó kéré jù tí òfin Ontario fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 15 dọ́là ní wákàtí kan. Ẹni tó ń gbé páálí ń gbà jù ẹni tó ń ta káàdì lọ!

Kí n tó lè fi iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀, mo ní láti gòkè lọ sí tábìlì sẹ́ńtì 50 àti dọ́là kan. Tábìlì mẹ́fà, ọgọ́rùn-ún wákàtí lóṣù, nǹkan bíi ìpín 40,000. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là Amẹ́ríkà á wọlé. Ṣùgbọ́n kì í lọ déédéé. Oṣù kan mo lè jẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kí n sì pàdánù 1,500 lóṣù tó tẹ̀lé e, láìjẹ́ pé mo ṣe àṣìṣe tó pọ̀ jù tàtẹ̀yìnwá. Nínú ìwé mi, nínú oṣù mẹ́fà tàbí méje, ọ̀kan á parí sí àdánù. Ìgbà tí káfíńtà Ìyé dé yẹn, méjì ló tẹ̀léra.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ọ̀nà Ẹ̀jùkú ni oko wọn wà. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, wọ́n á ya èèbù sọ́tọ̀ nínú àká. Bí ebi ṣe ń pa ilé tó, bí àlejò ṣe pọ̀ tó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ta póókà ní láti ní èèbù tirẹ̀. Lórí tábìlì sẹ́ńtì 50 àti dọ́là kan yẹn, tí mo ń gbé ọgọ́rùn-ún dọ́là jókòó sí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo ń tọ́jú, ìyẹn ìlọ́po àádọ́ta, kí ọ̀sẹ̀ burúkú kan má bàa lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Nínú owó yẹn ni mo ti yọ 1,800 fún páànù Ìyé. Mo ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì bí mo ṣe wí. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rù ti wọ inú káàdì mi. Níbi tó yẹ kí n ti fowó sílẹ̀, mo ń rò ó pé páànù mélòó nìyí. Tábìlì mi sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan ó tún sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwọn tó ni ojú òpó póókà mẹ́ta tó tóbi jù lọ sílé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi káàdì jẹun sì kó lọ sí Mẹ́síkò àti Kánádà. Nígbà tí Ontario náà ṣe òfin tirẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, àwa tó wà níbẹ̀ ò lè bá gbogbo ayé jókòó mọ́ lórí àwọn ojú òpó tó gba ìwé àṣẹ, àfi ará Ontario bíi tiwa. Lóru, tábìlì ò tó nǹkan. Ìdí tí mo fi kó lọ sí Winnipeg, tí kò sí ní Ontario, nìyẹn, nínú òtútù tí mi ò ní ṣàpèjúwe. Onílé àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀ béèrè ìwé owó oṣù mi. Mi ò ní. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ní báyìí mo ti padà sílé ìkẹ́rùsí, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Owó ibẹ̀ ni mo fi parí òrùlé tí mo jókòó sábẹ̀ rẹ̀ yìí, òun náà ni mò ń fi ránṣẹ́ sílé. Owó káàdì ò gbọdọ̀ dá ìlérí kankan. Ọmọ ọlọ́kadà, bí o bá ń ka èyí, wá iṣẹ́ tó ń san owó lóṣooṣù ná, ká tó sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún Ìyé pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lálẹ́ àná, mo sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n ń gé èèbù lọ́wọ́, wọ́n ń fi ojú tí ọ̀bẹ gé ra eérú kí ó má bàa jẹrà nínú ebè. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó gbin nǹkan kan níbẹ̀. Owó ta wá lò ń kó?"

Mo ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ tó ni ojú òpó máa ń yọ nǹkan bíi dọ́là márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó bá jọ sórí tábìlì, títí dé iye kan, nítorí náà àwọn tó ń pàdánù ń bọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń bọ́ èmi náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnìkan ń wá sọ́kàn mi. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá, lóru. Á gbé ọgọ́rùn-ún dọ́là wá, á tán, á tún gbé òmíràn wá, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tó bá di aago méjì, gbogbo káàdì tí wọ́n bá pín fún un ló ń fowó lé. Orúkọ tó ń lò wà nínú ìwé mi, mo fàlà sábẹ̀ rẹ̀. Oorun á máa kùn mí, mi ò ní dìde, nítorí pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo sọ fún Ìyé pé olówó ni wọ́n, pé eré ni wọ́n fi ń ṣe.

Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Ìyé. Mi ò mọ̀."