Táńkì Omi Ẹ́ńjìnnì Là, La Bá Di Èrò Abẹ́òkúta

Láti Ìbàdàn títí dé Ọ̀dẹ̀dá, kò sí wàhálà kankan. A kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀ tán ni òórùn kan gba inú ọkọ̀ kan, ó dùn nímú bíi ṣúgà tó jóná. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, Volkswagen LT àtijọ́ tí wọ́n ti kan bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti sítóòfù gáàsì mọ́ inú rẹ̀ láti Jámánì. Àárín dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í ni ẹ́ńjìnnì LT àtijọ́ máa ń wà, lábẹ́ ìdérí kan, ìyẹn ni pé itan èmi ni ooru náà kọ́kọ́ bá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ń gbóná o." Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ká tó wọ Ọbáńtokò, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì ti wà níbi pupa.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, wọ́n mú tówẹ̀lì, wọ́n fẹ́ ṣí ìdérí táńkì omi ẹ́ńjìnnì. Bàbá fọganáísà kan tó wà ní òdìkejì títì ló figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ fẹ́ kójú yín bó ni?" Ọlọ́run ló rán bàbá yẹn sí wa. Prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tó ń ti nǹkan látinú, wà nínú táńkì náà nígbà tó bá gbóná, prẹ́ṣọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi inú ẹ́ńjìnnì hó ní 100°C. Ẹni tó bá ṣí i lójijì, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí i lójú.

Nígbà tó tutù, a wo ara táńkì. Ike rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìlà funfun gbígbẹ sì wà níbi tí wọ́n ti lẹ apá òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò nìyẹn. Àṣé ẹ̀gbọ́n mi ti ń bu omi sí i láràárọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ àgbà ni, òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó ní mẹkáníìkì lòun fi gọ́ọ̀mù àti eérú dí i, ó gba ₦8,000. A ò tíì dé Aserò tó fi tú. Inú bí mi. Ike yẹn máa ń wú bó bá gbóná, á tún sún kì bó bá tutù. Gọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ bá a ṣerú eré bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ní kí ẹ lẹ táńkì yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà tí wọ́n júwe fún wa kò tilẹ̀ mú sípánà. Wọ́n tú táńkì náà kúrò, wọ́n kó o sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n ní: "Ìyá, ẹ lọ ra irú ẹ̀ gan-an. Ẹnu họ́ọ̀sì ńlá nísàlẹ̀, ẹnu kékeré lókè, ìdérí onítẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yí dé. Bí wọ́n bá fún yín ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má gbà á."

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni oníṣòwò pààtì kan lápá Láfẹ́ńwá kọ́kọ́ gbé jáde. Ike tí omi àṣẹ́kù rédíétọ̀ máa ń dà sí lásán, tí kò gba prẹ́ṣọ̀ rárá! "Àǹtí, ìkan náà ni gbogbo wọn, ṣebí omi la ń rọ sí i." Mo gbé tèmi jáde nínú ọ̀rá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, ó gbé ojúlówó bọ̀. ₦45,000. Mo ní ₦15,000. Ó ní ṣé mo ti jẹun láàárọ̀ yìí ni.

Mo ní kó bá mi wá bàsíà omi. Mo fọwọ́ dí àwọn ẹnu tó kù, mo ki í bọmi, ẹnu kékeré nìkan ni mo yọ síta, mo sì fẹnu fẹ́ ẹ. Ló bá ń yọ ìfófòó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà, àwọn tó jókòó níwájú ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn tó gbé wá kò yọ nǹkan kan, a sì jọ yanjú rẹ̀ sí ₦24,000. Mo ti sanwó tán kó tó ní ìdérí kò sí lára rẹ̀ o, ₦7,000 nìyẹn lọ́tọ̀. Mo bínú títí, mo san án. Ìdérí yẹn ló ń di prẹ́ṣọ̀ mú, òun náà ló ń tú u sílẹ̀ bó bá pọ̀ jù, ti àtijọ́ sì ti gbó.

Ìyá kan ń ta láfún àti ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Láfún náà funfun, ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ẹja náà ò kéré. Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Owó tí mo san níbẹ̀ nìkan ni mi ò bá ẹnikẹ́ni ná lọ́jọ́ náà.

Bàbá mẹkáníìkì fi kílíìpù tuntun de àwọn họ́ọ̀sì, wọ́n po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, wọ́n ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi síná, kí wọ́n tan hítà ọkọ̀ dé ìparí. Hítà! Nínú oòrùn Abẹ́òkúta! Àmọ́ bí omi kò bá gba ojú hítà kọjá, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì tún gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ooru náà, òógùn bò wọ́n, bàbá ń tẹ họ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ń bú jáde lẹ́nu táńkì, wọ́n ń rọ omi kún un. Mo jókòó sábẹ́ igi ní tèmi.

Inú ọkọ̀ náà la sùn mọ́jú nínú ọgbà bàbá, ẹ̀fọn kò jẹ́ ká gbádùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi inú táńkì kò lọ sílẹ̀ rárá. Bàbá gba ₦10,000 owó iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ₦2,000 lé e, a sì kọrí sí Ìtòkú lọ ra àdìrẹ tó gbé wa wá tẹ́lẹ̀.