Nǹkan tí mo wá yàn láti fi yọ afẹ́fẹ́ nínú bíréèkì 504 wa

Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ìgbà tá a pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì ẹ̀ tán, pẹ́dà kàn ń rì wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ fùfú ni. Afẹ́fẹ́ ló wọ inú ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àbúrò mi á jókòó máa tẹ̀ ẹ́, èmi á wà lábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú sípánà láti tú nípù, ìyẹn bóòtù kékeré létí táyà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!" Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń tẹ pẹ́dà mọ́tò àtijọ́ kanlẹ̀, ibi tó ti dípẹtà nínú másítà, ìyẹn ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà, lè ha rọ́bà inú ẹ̀ jẹ. Mo wá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde látìsàlẹ̀, ó ń fa ọ́ìlì lóòótọ́ àmọ́ ó tún ń fa afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ nípù wọlé, ó kàn ń hó ṣáá, mi ò mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú bíréèkì tán.

Èyí tí mo yàn báyìí ni oníke tí wọ́n ń pọ́ǹpù bíi ti àgbẹ̀ tó ń fín oògùn sóko, ó ń ti ọ́ìlì látorí másítà wá sísàlẹ̀. Mi kì í jẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ tí mo pọ́ǹpù sínú ẹ̀ kọjá 15 psi. Ẹ rí i pé ìdérí ẹ̀ bá ike ọ́ìlì yín mu ṣinṣin, torí tó bá jò, ọ́ìlì bíréèkì á bó ọ̀dà ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́dà ti le báyìí, mo wà á dé Tákíé lánàá.