Datsun 240Z: Tápẹ́ẹ̀tì Ló Ṣáájú, Kabúrétọ̀ Ló Kẹ́yìn

Bí ọkọ̀ Datsun 240Z bá ń jáàkì, tí kò sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tọ́rọ́tù, kabúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Méjì ni wọ́n, wọ́n hàn gbangba, wọ́n sì rọrùn láti yí. Bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yí kabúrétọ̀ tó tí yóò fi tún fáàfù tó há tàbí iná tó ti sáré kọjá àkókò rẹ̀ ṣe. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo fáàfù, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí iná tẹ̀ lé e, kí ẹ tó fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn á tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ́ńjìnnì L24 ló wà nínú ọkọ̀ yìí: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, 2,393 cc, kámúṣáàfù (kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) kan lókè, fáàfù 12. Ọwọ́ la fi ń ṣe àlàfo fáàfù rẹ̀, kò sí ohun tó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, 0.20 mm ni ti fáàfù ìwọlé, 0.25 mm ni ti èéfín. Bó bá gbóná, ó di 0.25 àti 0.30. Ti tútù ló dára jù nílé, torí pé bí ẹ bá ń ṣe é nígbà tó gbóná, ẹ́ńjìnnì á ti máa tutù kí ẹ tó dé fáàfù ìkejìlá.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ́ńjìnnì lè yí láìṣagídí, ẹ ṣí kọ́bà fáàfù, kí ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 27 mm yí bóòtù púlì iwájú bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ má yí i sẹ́yìn, bóòtù náà lè tú. Ìgbà tí ibi tó yọ gọnbu lára kámù bá kọjú sókè, kúrò lọ́dọ̀ rọ́kà (apá kékeré tí kámù ń tì láti ṣí fáàfù), ni kí ẹ wọn fáàfù yẹn. Láti iwájú, 1, 4, 6, 7, 9 àti 12 ni fáàfù èéfín. Ìyókù ni ti ìwọlé. Ẹ ki fílà gééjì (abẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) sáàárín kámù àti rọ́kà. Sípánà 17 mm ló ń tú láàkì nọ́ọ̀tì, 14 mm ló ń yí bóòtù tí rọ́kà jókòó lé. Abẹ náà gbọ́dọ̀ máa yọ pẹ̀lú ìfàgbà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa bébà kan yọ lábẹ́ ìwé ńlá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ tún un wọ̀n, torí dídè náà máa ń yí àlàfo padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Bí ojú rọ́kà bá ti jẹ kòtò, abẹ á kàn gba orí kòtò náà kọjá. Àlàfo gidi á tóbi ju ohun tí ẹ kà lọ. Pípààrọ̀ ló kù.

Inú àwọn kan máa ń dùn bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ti L24 kọ́ nìyẹn. Fáàfù èéfín máa ń rì díẹ̀díẹ̀ wọ ìjókòó rẹ̀, àlàfo á sì máa dín. Bí àlàfo bá tán, fáàfù ò ní lè jókòó dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjókòó yẹn ló ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Á jóná ni. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ díẹ̀ sàn ju èyí tó há lọ.

Kí ẹ tó dé kọ́bà padà, ẹ wo páìpù tín-ín-rín tó ń da ọ́ìlì sórí kámù, bí ti yín bá jẹ́ irú èyí tó ní i. Ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ máa ń tú, ọ́ìlì á ṣòfò níbẹ̀, kámù á sì máa jẹ. Ọ́ìlì tó ní zinc dáadáa nínú, bíi 20W-50 ti ọkọ̀ àtijọ́, ló yẹ ẹ́, torí irin ló ń fi ara nu irin.

Ti iná ò pẹ́. Àlàfo kóńtáàkì sẹ́ẹ̀tì inú dísítíríbútọ̀: 0.45 sí 0.55 mm. Púlọ́ọ̀gì: 0.8 sí 0.9 mm. Ẹ fi gírísì bíńtín sí kámù dísítíríbútọ̀. Bí ẹsẹ̀ kóńtáàkì bá jẹ, àlàfo rẹ̀ á dín, iná á sì máa pẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe kóńtáàkì kí a tó ṣe tàímù (àkókò tí iná ń tàn). Ètò tí iná fi ń tàn nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni 1-5-3-6-2-4.

Ó wá kan kabúrétọ̀. Ẹ gbé písítìn inú rẹ̀ sókè, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bọ́ wálẹ̀ kí ó sì dún. Ẹ má pààrọ̀ písítìn tàbí ìdérí kabúrétọ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ara tirẹ̀ mu. Ẹ yí nọ́ọ̀tì epo sókè dé òpin, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìyípo méjì àtààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí kabúrétọ̀ méjèèjì máa fa afẹ́fẹ́ dọ́gba kí ẹ tó ṣe epo wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé písítìn kan sókè bíi 1 mm. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè tó sì dúró síbẹ̀, epo ti pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ kú, epo ò tó. Bó bá gbéra díẹ̀ tó sì padà, ó ti tọ́. Bí kò bá sì tọ́ láéláé, ẹ wo ọ̀pá tọ́rọ́tù: ihò rẹ̀ máa ń jẹ, afẹ́fẹ́ á sì máa gbabẹ̀ wọlé.

Ẹ yẹ rọ́bà kékeré tó ń gbé epo lọ sí ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ wò. Mánífóòdù èéfín ló wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Epo tó ní ethanol (irú ọtí kan) máa ń jẹ́ kí rọ́bà àtijọ́ là, ẹ̀kán kan lórí irin gbígbóná sì tó láti dáná sun ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ibì kan ṣoṣo tó ti là lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ tiwájú àti tẹ̀yìn pọ̀. Fún ìyókù ọ̀nà epo, rọ́bà tí wọ́n kọ SAE 30R9 sí lára ni kí ẹ rà.